Nípa Kíka Àwọn Ìwé Ìtàn Àràmàǹdà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan láàárín wa nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bá ìwé ìtàn àràmàǹdà lọ́wọ́ ẹni. Wọn a ní, "Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kí ni ẹni tí yóò di olùkọ́ lọ́la ń fi irọ́ ṣe?" Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí a bá fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ohun tí kì í ṣe òtítọ́ bọ́ wọn. Nítorí náà ni a ṣe jókòó tí a ka díẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní àkàtúnkà, a sì fẹ́ sọ ohun tí a rí nínú wọn, èyí tí ó dùn mọ́ wa àti èyí tí kò dùn mọ́ wa.

Ọ̀nà méjì ni irú ìwé tí a ń wí yìí pín sí. Èkíní ni èyí tí iwin, ànjọ̀nnú àti oògùn kún inú rẹ̀, bí àwọn ìwé D. O. Fágúnwà. Èkejì ni èyí tí òǹkọ̀wé fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí ó wá ti orí ìpìlẹ̀ náà fò lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí, bí àwọn ìwé Jules Verne ará Faransé, àti ti H. G. Wells ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ Wells ni a ó pẹ́ sí jù, nítorí òun ni ó mú wa ronú jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ irọ́ ná. Òpùrọ́ kì í kìlọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ purọ́ fún. Ṣùgbọ́n apàlọ́ a kọ́kọ́ ké pé, "Ààlọ́ o!" àwọn ọmọ a sì dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Nípa ìdáhùn yìí ni wọ́n ti bá a dá májẹ̀mú pé kí ó mú àwọn lọ sí ibi tí ìjàpá ti ń fọhùn bí ènìyàn, tí ẹ̀rù kò sì ba ẹnikẹ́ni. Nínú Ìwé Àwọn Onídàjọ́, ní orí kẹsàn-án, Jótámù dúró lórí òkè Gérísímù, ó sì pa ìtàn àwọn igi tí ó jáde lọ láti fi òróró yan ọba fún àwọn ará Ṣékémù. A kò kà á pé ẹnìkan bi í léèrè irú èdè tí igi ólífì ń sọ; ohun tí ó ń wí nípa Ábímélékì yé wọn yéké. Àwọn míṣọ́nnárì pàápàá kò bẹ̀rù irú ìtàn báyìí: Hinderer, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni ó sọ ìwé Bunyan di Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òmìrán àti ẹ̀mí burúkú sì kún ojú ọ̀nà tí Èrò Mímọ́ gbà. Ìgbà tí májẹ̀mú náà bá bàjẹ́ nìkan ni ewu wà. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù October, ọdún 1938, ọ̀gbẹ́ni Orson Welles fi ọ̀kan nínú ìwé Wells ṣe eré lórí rédíò ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣe é bí ẹni tí ń ka ìròyìn. Wọ́n kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣí rédíò wọn lẹ́yìn tí ìkéde náà ti kọjá, ẹ̀rù sì bà wọ́n gidigidi. Àwọn wọ̀nyí kò gbọ́ "Ààlọ́ o," wọn kò sì dáhùn "Ààlọ̀."

Ó ku ohun tí ó ń ya ìtàn rere sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn játijàti, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá pa ààlọ́ ni ó mọ̀ ọ́n pa. Ohun tí àwa rí ni pé òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ yìí a tọrọ ohun kan lọ́wọ́ òǹkàwé. A ní, "Ẹ gba èyí nìkan fún mi." Bí a bá ti gbà á fún un, kò tún tọrọ mọ́, láti ìgbà náà lọ, gbèsè ni yóò máa san, títí ìwé yóò fi parí. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n ṣe a máa tọrọ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan: bí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ akọni rẹ̀ lónìí, ó hu ìyẹ́, bí odò bá kún lọ́la, ó di ẹja. Nígbà tí ó bá pẹ́, a kò ní bẹ̀rù fún akọni náà mọ́, a ó sì pa ìwé dé.

Ẹ wo ìwé tí Wells kọ ní 1897, tí ó pè ní The Invisible Man, èyí tí í ṣe Ọkùnrin Tí A Kò Lè Fojú Rí. Àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú rẹ̀, nítorí a ní àféèrí. Nínú ìtàn àwọn ọdẹ àti ti àwọn jagunjagun, ẹni tí ó ní àféèrí yóò lò ó, ojú kò sì ní rí i mọ́. Ó parí. A kì í béèrè bóyá aṣọ ọrùn rẹ̀ àti apó rẹ̀ bá a lọ. A kì í béèrè bóyá ajá lè gbóòórùn rẹ̀. Oògùn ni, oògùn sì ti jẹ́.

Wells béèrè. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Griffin, tí ó ti kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n dójú àmì, rí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa gbà la ara ènìyàn kọjá bí ó ti ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí òǹkọ̀wé tọrọ. Láti ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ni kò hàn, aṣọ rẹ̀ ń hàn. Nítorí náà ìhòòhò ni ó ní láti rìn, ó sì jẹ́ ìgbà òtútù London. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò dí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Bí ó tilẹ̀ di ojú, kò rí òkùnkùn. Oúnjẹ tí ó bá jẹ ń hàn nínú rẹ̀ títí yóò fi dà. Bí yìnyín bá bọ́, yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò ya àwòrán rẹ̀ síta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ti kan ẹrẹ̀ fi ipa sílẹ̀ lójú òpópó, àwọn ọmọdékùnrin sì ń tọ ipa náà lẹ́yìn. Àwọn ajá kò tilẹ̀ nílò ojú láti mọ ibi tí ó wà. Bí ó bá sì fẹ́ bá ènìyàn gbé, ó di dandan kí ó fi aṣọ di gbogbo orí rẹ̀ bí ẹni tí iná jó, bí ó ti ṣe nígbà tí ó wọ ilé èrò ìyá kan tí ń jẹ́ Mrs. Hall ní ìletò Iping. Ohun tí ó rò pé yóò sọ òun di ọba sọ ọ́ di ẹni tí kò rí ibi jókòó jẹun.

A fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé Wells kò wàásù níbi kankan nínú èyí. Kò sọ pé ìgbéraga kò dára. Ó kàn ń ṣírò ni, bí ẹni tí ń ṣírò lójú pátákó, ìṣirò náà sì pa Griffin. Ọkùnrin yìí ti jí owó bàbá rẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Owó náà kì í sì í ṣe ti bàbá, bàbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn lù ú pa níkẹyìn, bí ẹ̀mí ti ń jáde lára rẹ̀ ni ara náà ń hàn díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo wọn fi rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìhòòhò nílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí àléébù kan: bí ìmọ́lẹ̀ bá la ojú Griffin kọjá láìdúró níbẹ̀, kò lè ríran, afọ́jú ni ì bá jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí òǹkọ̀wé náà ti súnmọ́ àléébù yìí tó: nígbà tí Griffin kọ́kọ́ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lára ológbò, gbogbo ara ẹran náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán, ṣùgbọ́n ìdí ojú rẹ̀ tí ń tàn kò lọ. A fẹ́ràn òǹkọ̀wé tí ó bá rí ibi tí aṣọ rẹ̀ ti ya, tí ó sì gbìyànjú láti rán an.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti dá Fágúnwà lẹ́bi, nítorí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí àwọn C.M.S. tẹ̀ ní 1938, kò tọrọ ohun kan ṣoṣo. Àràmàǹdà ibẹ̀ pọ̀ bí ewé. Àgbákò nìkan, pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún rẹ̀, tó ìwé kan. Ọ̀rọ̀ yìí dà wá láàmú fún ìgbà díẹ̀, títí a fi tún ìwé náà kà. Ohun tí Fágúnwà tọrọ ni igbó náà fúnra rẹ̀. Bí a bá ti gbà pé igbó kan wà tí ènìyàn kì í ṣe onílé níbẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tún yà wá lẹ́nu mọ́. Ohun tí ó kù ni bí ènìyàn yóò ti hùwà nílé onílé. Níbí yìí ni ó sì ti ń san gbèsè rẹ̀. Kàkó ní kùmọ̀ rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn rẹ̀, Imọ̀dóyè ní ọgbọ́n rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í ṣàdédé ní agbára tí a kò ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀, agbára ẹnìkan ṣoṣo kò sì tó láti mú wọn dé òkè Láńgbòdó. Àkàrà-ògùn alára, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó jogún, a máa bá ara rẹ̀ níbi tí oògùn kò ti jẹ́.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìdí mìíràn láti fẹ́ràn ìwé yìí. Olùkọ́ ni Fágúnwà, ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ka ìwé rẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ ohùn olùkọ́ nínú rẹ̀, àní ju bí ó ti yẹ lọ nígbà mìíràn. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i, a ní láti sọ pé nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, tí bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan tẹ̀lé òmíràn, ọkàn wa ń padà sínú igbó.

Nípa ìrìn àjò sí òṣùpá, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1865 Verne kọ ìwé kan nínú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà rọ àgbá ńlá kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 900, tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ní Florida, tí ènìyàn mẹ́ta sì wọ inú ọta rẹ̀. Nínú ìwé tí ó tẹ̀lé e, wọ́n yí òṣùpá ká láìbalẹ̀, wọ́n sì padà já sínú òkun Pàsífíìkì. Ní oṣù December, ọdún 1968, ènìyàn mẹ́ta gbéra láti Florida nínú ọkọ̀ Apollo 8, wọ́n yí òṣùpá ká láìbalẹ̀, wọ́n sì já sínú òkun Pàsífíìkì. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣe ń yin Verne bí wòlíì. Àwa kò rò pé ibẹ̀ ni ìyìn rẹ̀ wà. Bí a bá yin ẹnìkan nítorí pé ohun tí ó sọ ṣẹ, kí ni a ó ṣe nípa àgbá náà, èyí tí ì bá lọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnná ní ìṣẹ́jú tí wọ́n yìn ín?

Wells pẹ̀lú kọ ìwé lọ sí òṣùpá ní 1901, àmọ́ òun kò lo àgbá. Ó hùmọ̀ irin kan tí agbára tí ń fa nǹkan wálẹ̀ kò lè là kọjá. Inú Verne kò dùn sí èyí. Ó ní òun ń lo ìmọ̀ tí ó wà, ṣùgbọ́n Wells ń hùmọ̀ ohun tí kò sí, ó sì ní kí wọ́n fi irin náà han òun. Àwa lérò pé Wells ni ó jàre. Irin náà kò sí, ṣùgbọ́n ó san owó rẹ̀: ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó ṣe é parí pẹlẹbẹ kan, afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè irin náà pàdánù ìwọ̀n rẹ̀, ó sì fò lọ sókè, afẹ́fẹ́ ìyókù rọ́ wá dí àyè rẹ̀, ìjì náà sì wó ilé. Ẹni tí ó bá lè ronú kan ìjì yẹn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ọ̀gbẹ́ni yìí í ṣe, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wa. A bí i ní Bromley ní 1866. Bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀ kékeré kan, ìyá rẹ̀ sì ti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó sì di ẹni tí a dá dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti di ẹni tí kò lè fi ìwé sílẹ̀. Wọ́n fi í kọ́ òwò aṣọ títà, ó kórìíra rẹ̀. Ó sá kúrò níbẹ̀, ó sì di ọmọ ilé ìwé tí ń kọ́ àwọn kékeré ní Midhurst. Láti ibẹ̀ ni ó ti rí ẹ̀bùn owó gbà ní 1884 láti lọ kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní South Kensington, níbi tí ògbólógbòó onímọ̀ nì, Huxley, ti kọ́ ọ nípa ohun abẹ̀mí. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn èyí. Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun abẹ̀mí, fún àwọn tí ń múra ìdánwò, wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ tẹ̀, ní 1893. Lẹ́yìn ọdún méjì, The Time Machine jáde.

Nínú ìwé yìí ọkùnrin kan jókòó lórí ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà sì gbé e lọ sí ọdún 802,701. Kò kúrò lójú kan. Àfonífojì odò Thames kan náà ni ó wà, ọdún ni ó kọjá lórí rẹ̀. Ó bá irú ènìyàn méjì níbẹ̀. Àwọn Eloi ń gbé lókè, wọ́n rẹwà, wọn kì í ṣiṣẹ́, èso ni wọ́n ń jẹ. Àwọn Morlock ń gbé abẹ́ ilẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń pèsè aṣọ fún àwọn ti òkè. Ní òru wọn a gòkè wá láti pa wọ́n jẹ. Ó hàn gbangba pé ohun tí Wells ń wí ni ọlọ́rọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìlú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ padà di olùtọ́jú ilé ní ààfin ńlá kan tí ń jẹ́ Uppark, níbi tí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ti ń gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ lọ láti ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá ti rìn ní ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ìgbà èwe rẹ̀ kò ní láti lọ jìnnà kí ó tó rí Morlock.

Ìwé yìí wú wa lórí, ṣùgbọ́n kò mú wa lọ́kàn bí ti ìṣáájú. Àwọn Eloi dà bí ọmọ-ọwọ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni a mọ̀ nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré tí ń jẹ́ Weena, iná àti òru sì gbé òun pàápàá lọ. Òdòdó funfun méjì tí ó fi sínú àpò ọkùnrin náà ni ó kù, wọ́n sì ti rọ.

Nísinsin yìí a dé ibi tí ọkàn wa wà. The War of the Worlds kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà ní 1897, ó sì di odidi ìwé ní 1898. Ohun tí Wells tọrọ níbẹ̀ ni pé kí a gbà pé ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n wà nínú Mars, plánẹ́ẹ̀tì pupa nì, pé ayé wọn ń tutù lọ, wọ́n sì ń wá ibòmíràn tí wọn yóò gbé. Wọ́n balẹ̀ sí pápá Horsell lẹ́bàá ìlú Woking. Àwọn ènìyàn kan lọ pàdé wọn pẹ̀lú àsíá funfun, láti fi hàn pé àlàáfíà ni àwọn bá wá. Ìtànṣán iná kan sì jó wọn pa. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ó ga ju òrùlé ilé lọ, bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárín àwọn oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbá wó ọ̀kan nínú wọn, ọkọ̀ ogun kan sì wó òmíràn kí ó tó rì. Àwọn ìyókù ń bọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, Wells rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí pé kí wọ́n má yára dá àwọn ará Mars lẹ́jọ́, nítorí àwọn pẹ̀lú ti pa àwọn ará Tasmania run ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Frank, arákùnrin rẹ̀, ni ó fún un ní èrò náà, òun ni ó sì ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ka ìwé yìí ní láti fi agbára ro bí ó ti rí láti jẹ́ ẹni tí a dé bá. Àwa kò ní láti rò ó jìnnà. Ní oṣù May, ọdún 1892, ọdún mẹ́fà kí ìwé náà tó jáde, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jáde láti Èkó lọ bá Ìjẹ̀bú jà. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í ṣe ojo, wọn kì í sì í ṣe aláìníbọn. Ṣùgbọ́n ìbọn Maxim wà lọ́wọ́ àwọn tí ń bọ̀, èyí tí ń rọ̀jò ọta láìsinmi, ní Ìmàgbọn ogun náà sì yí padà sí Ìjẹ̀bú. Wells kò dárúkọ Ìjẹ̀bú nínú ìwé rẹ̀. Àwa ni a mú un wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà nípa àwọn ará Surrey tí wọ́n dúró tí ilé wọn, tí wọ́n ń wo ohun tí ìbọn kò ràn, ó ṣe wá bí ẹni pé a mọ àwọn ènìyàn náà.

Bí ìtàn náà ti parí ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kò fẹ́ràn. Ènìyàn kọ́ ni ó ṣẹ́gun. Àwọn ará Mars ń kú fúnra wọn ní ojú òpópó London, nítorí kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ti wọ̀ wọ́n lára. Irú rẹ̀ kò sí ní ayé wọn, ara wọn kò sì mọ bí a ti ń bá a jà. Wọ́n ní òǹkọ̀wé sá fún gbèsè rẹ̀ níhìn-ín. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní 1841 ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ odò Ọya. Àjàyí Crowther, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wà pẹ̀lú wọn. Ibà kọlu àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà, ó pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó kù sì padà. Kò sí ọmọ ogun kan tí ó lé wọn.

Ṣùgbọ́n ní 1854 ọkọ̀ Pleiad tún wọ odò kan náà. Dókítà Baikie ni olórí rẹ̀, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Ní ìgbà yìí wọ́n ń lo kuníìnì lójoojúmọ́. Ẹnìkan kò sì kú nínú wọn. Wells parí ìwé rẹ̀ sí 1841. Ilẹ̀ tiwa ti rí 1854. Òun alára mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ń sọ ìtàn náà kò fi ọkàn balẹ̀ títí dé òpin. Ó ń wo ojú ọ̀run, ó sì ń rò pé wọ́n lè tún wá. Ní ọdún 1897 kan náà tí ìtàn yìí ń jáde lọ́wọ́, Ronald Ross, ní ilẹ̀ Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn.

A ní láti fi kún un pé ibẹ̀ ni àfiwé náà ti ṣẹ́. Àwọn ará Mars kò mú ìwé kankan wá. Ọkọ̀ tí ó mú kuníìnì wọlé ni ó mú Crowther àti ìwé a-b-d wọlé, kuníìnì sì gba ọmọ tiwa là pẹ̀lú. Bí kò bá sí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ìwé yìí tí ẹ ń kà kì bá sí, àwa tí a kọ ọ́ kì bá má mọ̀ ọ́n kọ. A kò tíì rí òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn nǹkan méjèèjì yìí pọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìtàn irọ́ nípa Mars ni ó mú wa bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n wọ́n, nígbà tí ẹ̀kọ́ ìtàn tí a ti kọ́ sórí fún ìdánwò kò mú wa ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sì sí ohun tí ó kù nínú sáyẹ́ǹsì ìwé náà. Ọkọ̀ Mariner 4 ya àwòrán Mars ní 1965, a kò rí ipa odò tí ẹnìkan gbẹ́, a kò rí ìlú. Ọkọ̀ mìíràn ti balẹ̀ síbẹ̀ láti 1976, iyanrìn àti òkúta ni. Àsíá funfun nì ṣì wà níbẹ̀ lójú ìwé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíláàsì. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a pa ìtàn Griffin fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ní èdè Yorùbá. Ọmọ kan béèrè pé, "Tísà, ṣé òótọ́ ni?" A kò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, a kò sì dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. A ní kí olúkúlùkù wọn rò pé bàbá òun fún òun ní àféèrí lónìí, àféèrí tí kì í bo aṣọ, kí wọ́n sì ka ìyọnu tí yóò bá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kan ní ọkọ̀ yóò gbá òun, nítorí awakọ̀ kò ní rí òun. Ọ̀kan ní ẹ̀fọn yóò jẹ òun, kò sì ní rí ibi tí yóò fi ọwọ́ pa á. Òmíràn ní ìyá òun kò ní bu oúnjẹ fún òun. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ béèrè pé bí òun bá ṣàìsàn ńkọ́, ta ni yóò mọ̀. A kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó. Ó ti di mẹ́tàlá kí agogo tó lù.